KÁPÍTÉÈNÌ DYETT: OLÙKỌ́ TÍ Ó FI FÈRÈ TỌ́ ỌMỌ ỌLỌ́MỌ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ kò ní ṣàìmọ ohùn Nat King Cole. Bí ọdún Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, ohùn ọkùnrin náà a máa jáde lórí rédíò, a sì máa dún bí ẹni pé ó jókòó sínú pálọ̀ ẹni. Ọmọ olùṣọ́-àgùntàn ìjọ Onítẹ̀bọmi ni. Ìyá rẹ̀ ni ó ń tẹ dùùrù ní ìjọ tí bàbá rẹ̀ ń bójú tó ní Chicago, ìyá náà ni ó sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé dùùrù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Nat Cole ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lóṣù yìí. Ẹni tí ó kọ́ ọ ní orin ní ilé-ẹ̀kọ́ ni. Walter Henri Dyett ni orúkọ rẹ̀, Kápítéènì ni gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń pè é, títí tí àwọn náà fi di àgbà. Láti 1931 títí di 1962, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe: ó ń darí ẹgbẹ́ báńdì àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ni pé àwọn òbí kò dẹ́kun láti máa béèrè bóyá ó bójú mu kí ọmọ tí ó ní ìdánwò lọ́rùn máa lo àkókò lórí fèrè àti ìlù. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń béèrè èyí tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ọmọ mi bá mọ fèrè fọn tán, ta ni yóò máa fọn ọ́n fún? Ìgbésí ayé ọkùnrin yìí kan ìbéèrè méjèèjì.

ỌMỌ ILÉ MÍṢỌ́NÙ

Ọdún 1901 ni wọ́n bí i, ní ìlú St. Joseph, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà. Olùṣọ́-àgùntàn ni bàbá rẹ̀ nínú ìjọ African Methodist Episcopal. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1816 lábẹ́ Richard Allen, nígbà tí ara wọn kò gbà á mọ́ kí àwọn aláwọ̀ funfun máa tì wọ́n sẹ́yìn nínú ilé Ọlọ́run. Ìyá Dyett ń tẹ dùùrù, ó sì ń kọrin. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé inú ilé míṣọ́nù rí mọ bí ó ti ń rí: bí ẹni tí ń tẹ dùùrù kò bá wá lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọmọ inú ilé ni wọn yóò kọ́kọ́ ké sí.

Ìpínlẹ̀ California ni ó ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní ìlú Pasadena. Fáyólìn-ìn, ìyẹn gòjé àwọn òyìnbó, ni ó fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún kọ́ clarinet àti àwọn ohun èlò mìíràn. Ṣùgbọ́n kò rò ó rárá pé orin ni òun yóò fi jẹun. Iṣẹ́ dókítà ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tí yóò di dókítà kọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley, nígbà tí ó sì di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ó rí ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ gbà láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Chicago. Ẹ ro ohun tí èyí jẹ́ fún ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ìgbà náà. Ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ ń kàn tí kò ṣí ni ó ṣí sílẹ̀ fún un yìí.

Kò wọlé. Ẹrù ìyá rẹ̀ àti ti arábìnrin rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́ kì í sì í bọ́ ìyá ẹni. Ó gbé ìwé ìṣègùn tì, ó gbé fáyólìn-ìn rẹ̀, ó lọ wá iṣẹ́.

Iṣẹ́ tí ó rí wà ní ilé sinimá Vendome, nínú ẹgbẹ́ olórin tí Erskine Tate ń darí. Nígbà náà, sinimá kì í sọ̀rọ̀. Àwòrán yóò máa kọjá lójú aṣọ, àwọn olórin tí ó jókòó sísàlẹ̀ ni yóò sì máa lù, tí wọn yóò máa fọn, kí ènìyàn lè mọ ibi tí ó yẹ kí a sunkún àti ibi tí ó yẹ kí a rẹ́rìn-ín. Louis Armstrong, tí òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ Tate náà rí. Iṣẹ́ tí ń mówó wọlé dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ní 1927 ni sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn fúnra rẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀ sì ni àwọn ilé sinimá káàkiri Amẹ́ríkà dá àwọn olórin wọn sílẹ̀, nítorí ẹ̀rọ kì í gba owó oṣù. Lẹ́yìn náà ni ọ̀wọ́n owó ńlá ti 1929 tún dé bá gbogbo wọn.

Orúkọ Kápítéènì tí wọ́n ń pè é kì í ṣe àpọ́nlé lásán. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan wà ní ìpínlẹ̀ Illinois tí wọ́n ń pè ní 8th Regiment, tí ó jẹ́ pé aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, àti ọmọ ogun àti ọ̀gágun. Dyett di olùdarí báńdì wọn. Ibẹ̀ ni ó ti gba oyè náà, ó sì dà bí ẹni pé ibẹ̀ náà ni ó ti mú ìwà kan bọ̀ tí kò fi í sílẹ̀ mọ́: bí ó bá ní aago mẹ́jọ ni a ó bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́jọ ni.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó BÁ ARA RẸ̀

Ní 1931 ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Wendell Phillips gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ orin. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni. Olùkọ́ mìíràn tí òun náà ní oyè ológun, Major N. Clark Smith, ti kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní báńdì ṣáájú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe inú aginjù ni Dyett ti bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó lè mọ irú iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀, ó yẹ kí a mọ àdúgbò náà. Ní 1910, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kà ní Chicago jẹ́ 44,103. Ní 1930 wọ́n ti di 233,903. Láti ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń bọ̀, láti Alabama, Mississippi, Georgia àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ oko òwú tí gbèsè kò sì í tán lọ́rùn wọn, níbi tí àwọn ènìyàn búburú ti ń so aláwọ̀ dúdú kọ́ sórí igi láìsí ìdájọ́ kankan. Wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ wà ní Chicago, ní ilé ìpẹran àti ilé iṣẹ́ irin. Iṣẹ́ wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onílé aláwọ̀ funfun ti bá ara wọn ṣe àdéhùn nínú ìwé pé àwọn kò ní ta ilé fún aláwọ̀ dúdú, wọn kò sì ní fi háyà fún un, kò sì sí ohun tí ó di ìwé náà lọ́wọ́ àfi ìgbà tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní Amẹ́ríkà fagi lé lílo agbára òfin lórí rẹ̀ ní 1948. Nítorí náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé há sí ìhà gúúsù ìlú náà, yàrá kan fún bàbá, ìyá àti gbogbo ọmọ. Ẹ̀yin ará wa ní Mushin àti Ajégúnlẹ̀ kò nílò kí a ṣàlàyé púpọ̀.

Àwọn ọmọ inú ilé wọ̀nyí ni ó kún ilé-ẹ̀kọ́ Wendell Phillips. Ní oṣù kìíní 1935, iná ba ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́, wọ́n sì kó àwọn ọmọ lọ sí ilé tuntun tí wọ́n ti ń kọ́ ní òpópónà Wabash. Ní 1936 wọ́n sọ ilé tuntun náà ní DuSable, orúkọ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó kọ́lé sí ẹnu odò Chicago ní nǹkan bí àwọn ọdún 1780, kí ibẹ̀ tó di ìlú. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni Kápítéènì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

OJÚ KAN TÍ Ó TÓ

Ojú kan ṣoṣo ni Dyett fi ń ríran. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó jẹ́rìí pé ojú kan náà tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá ń fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà lẹ́yìn pátápátá sì ṣi nóòtì kan, ọ̀pá ìdarí yóò dúró, ojú náà yóò sì yí sí ẹni náà gan-an. Kì í ṣe sí ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o. Yóò wá ní kí ó dá nìkan fọn apá tirẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nílé kò ní ibi tí yóò sá sí.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó ní. Ti àwọn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà, ti àwọn tí ó ti mọ̀ díẹ̀ wà, lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ ńlá tí ń ṣeré níwájú àwọn ènìyàn, àti èyí tí ń yan lójú pópó, àti ẹgbẹ́ jáàsì. Ọmọ yóò máa gòkè láti ọ̀kan dé èkejì. Ó sì lè sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí àga iwájú jẹ́ ogún bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Johnny Griffin, tí a bí ní 1928, jẹ́ ọmọ tí kò ga, ara rẹ̀ sì kéré. Níbi ayẹyẹ tí ó fi jáde ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ bí Gene Ammons, tí òun náà jẹ́ ọmọ iṣẹ́ Kápítéènì, ṣe ń fọn saxophone ńlá tí wọ́n ń pè ní tenor. Ojú ẹsẹ̀ ni ó pinnu pé ohun tí òun yóò ṣe láyé nìyí. Ó dé DuSable, ó béèrè tenor. Kápítéènì wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sì gbé clarinet fún un.

Ẹni tí kò mọ fèrè lè rò pé ìwà ìkà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lára saxophone, ìdérí wà lórí ihò. Bí ìka bá ti tẹ ibi tí ó yẹ, ihò á dí. Lára clarinet, ìka fúnra rẹ̀ ni yóò dí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ihò náà. Bí ìka bá yẹ̀ díẹ̀ péré, atẹ́gùn á jáde, ohùn á sì han bí ẹran tí wọ́n ń fà létí. Ètè náà gbọ́dọ̀ mú ju bí ó ti ń mú lórí saxophone lọ. Nítorí náà ẹni tí ó bá mọ clarinet dáadáa, saxophone kò ní pẹ́ kí ó tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti orí saxophone bẹ̀rẹ̀ yóò jìyà kí ó tó mọ clarinet. Lẹ́yìn clarinet, Kápítéènì tún fún ọmọ náà ní oboe, fèrè tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀là pàrun méjì wà lẹ́nu rẹ̀ tí a ń fi ètè há mọ́ra, ó sì le ju clarinet lọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá kan saxophone kékeré. Ní 1945, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Griffin jáde ilé-ẹ̀kọ́, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Lionel Hampton, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ olórin tí ó lókìkí jùlọ ní Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá gbé tenor tí ó ti ń wá láti ọjọ́ yìí lé e lọ́wọ́.

Gbogbo ohun tí wọ́n ń fọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ lè kà láti inú ìwé, lórí ìlà márùn-ún. (A kò fẹ́ bá àwọn akọrin wa jà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sòótọ́: ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó jẹ́ pé bí a bá ti kúrò nínú dò-rè-mí tí a gbé ìlà márùn-ún síwájú wọn, ìkọ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tẹ́nọ̀.) Orin àwọn ògbóǹtarìgì ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ń kà lówùúrọ̀, tí wọ́n ń lu jáàsì lẹ́yìn náà, olùkọ́ yìí kò sì gbà kí wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ó le, kò sí àní-àní. Inú a máa bí i, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a máa ta bí ata, ọ̀pá ìdarí tilẹ̀ máa ń fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bá ń ṣeré níbi iṣẹ́. Àwa kò ní kí àwọn ọ̀gá báńdì nínú ìjọ wa lọ máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi náà, ẹ má ṣe rí i dì mú. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ọ̀tún bá bá ọmọ wí, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra, ọwọ́ òsì Kápítéènì kò sì rọ. Ọmọ tí kò ní fèrè, ilé-ẹ̀kọ́ yóò fún un ní èyí tí yóò lò. Ọmọ tí ó bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, Kápítéènì kò béèrè ọmọ ta ni.

Ohun kan tún wà tí ó wú wa lórí ju ohun gbogbo lọ. Gbogbo àkókò tí ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, òun náà ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ní 1938 ó gba oyè ìmọ̀ orin ní ilé-ẹ̀kọ́ VanderCook ní Chicago. Ní 1942, tí ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélógójì, ó tún gba oyè kejì ní Chicago Musical College. Àwọn ọmọ tí ó ń pariwo lé lórí pé wọn kò ka ìwé mọ̀ pé bàbá náà ń kàwé lálẹ́.

OWÓ FÈRÈ

Fèrè wọ́n nígbà náà bí ó ti wọ́n nísinsin yìí. Owó tí ìjọba ń fún ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú kò tó ra gbogbo ohun tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ nílò, kí a má tíì sọ ti yunifọ́ọ̀mù àti ìwé orin. Ọgbọ́n tí Kápítéènì dá ni pé àwọn ọmọ yóò ṣiṣẹ́ fún un. Ó dá eré ọdọọdún kan sílẹ̀ tí ó pè ní Hi-Jinks. Àwọn ọmọ ni yóò kọrin, àwọn ni yóò jó, àwọn ni yóò ṣe àwàdà, àwọn ni yóò lu gbogbo orin rẹ̀. Àwọn òbí àti ará àdúgbò yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì, owó náà yóò sì wọ inú àpò báńdì. Eré náà di ohun tí gbogbo àdúgbò ń retí.

Owó nìkan kọ́ ni ó wá níbẹ̀. Ọmọ tí ó ti lọ́wọ́ sí Hi-Jinks ti mọ bí a ṣe ń múra eré sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí a ṣe ń wọṣọ, bí a ṣe ń dé kí àkókò tó tó, bí a ṣe ń dúró níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn láìgbọ̀n. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré ní ìlú kan tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ olórin fúnra rẹ̀ pín sí méjì, Local 10 fún aláwọ̀ funfun, Local 208 fún aláwọ̀ dúdú, láti 1902 títí di 1966 tí wọ́n fi dà wọ́n pọ̀. Olórin aláwọ̀ dúdú tí ó bá pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní rí ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀.

TA NI Ó KỌ́ WỌN FÚN?

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ́ sórí ìbéèrè tí ó ń jẹ àwọn òbí lọ́kàn. Orin jáàsì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ ń ṣe, ilé ọtí àti ilé ijó òru ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Kí ni a ó sọ sí èyí?

A kò ní bo ohunkóhun. Gene Ammons tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tí saxophone rẹ̀ mú kí ọmọ kékeré pinnu ohun tí yóò ṣe láyé, ṣubú sọ́wọ́ oògùn olóró. Ó lọ sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀, láti 1962 títí di 1969 sì ni ó fi wà nínú àhámọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó kú ní 1974 láìpé ẹni àádọ́ta ọdún. Nat Cole kò lo oògùn, ṣùgbọ́n sìgá kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró sì pa á ní 1965 ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ìyá tí ẹ̀rù ń bà nítorí ọmọ rẹ̀ kò ṣìwèrè.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ sọ pé olùkọ́ náà ni ó jẹ̀bi kò ṣe ìdájọ́ òdodo. Ohun tí Kápítéènì fi lé wọn lọ́wọ́ ni àkókò pípa mọ́, ìwé kíkà, gbígbọ́ ohùn ẹlòmíràn kí o tó gbé tìrẹ sókè. Òru àti ilé ọtí kì í ṣe ohun tí ó kọ́ wọn. Ó tún yẹ kí á rántí pé nínú gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí ó kọjá lọ́wọ́ olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, díẹ̀ ni ó di olórin. Àwọn yòókù di òṣìṣẹ́, bàbá àti ìyá ọmọ, ẹni tí ayé kò mọ orúkọ wọn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, àdúgbò yẹn sì kún fún ohun tí ó lè kọ́ ọmọ ní ibi bí ẹnì kan kò bá kọ́ ọ ní ire láàárọ̀.

Nínú ìwé Kíróníkà kìíní, orí 25, a rí i pé àwọn tí Dáfídì yàn fún orin ilé Olúwa tí wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà jẹ́ 288, a sì rí i pé nígbà tí wọ́n ṣẹ́ kèké iṣẹ́, wọn kò ya ẹni ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni kékeré, wọn kò sì ya olùkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kíyè sí i pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ́ ọ ni. Ẹ̀mí Mímọ́ kì í bà lé ẹni tí kò fẹ́ wá sí ìdánrawò kí ó sì sọ ọ́ di afọnfèrè lójijì. Nínú ìjọ tiwa, a ti rí ọ̀dọ́ tí a fún ní fèrè lọ́jọ́ Sátidé tí a sì retí pé kí ó ṣe ìyanu lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ọ̀rọ̀ Dorothy Donegan kò yẹ kó kọjá láìsọ. Ọmọbìnrin ni, dùùrù ni ó ń tẹ̀, DuSable ni ó sì ti jáde. Ní 1943 ó tẹ dùùrù ní Orchestra Hall, gbọ̀ngàn ńlá kan ní Chicago. Láti ilé Donegan ní gúúsù ìlú sí gbọ̀ngàn náà kò jìnnà púpọ̀ bí a bá fi ọkọ̀ lọ.

Ẹlòmíràn ni Richard Davis, tí a bí ní 1930. Béèsì ńlá tí a ń dúró ti, tí ó ga ju ènìyàn lọ, ni Kápítéènì kọ́ ọ. Ó lọ sí VanderCook, ilé-ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ lọ. Ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn olórin jáàsì, ó sì tún lu béèsì nínú ẹgbẹ́ tí Igor Stravinsky àti Leonard Bernstein darí, ìyẹn àwọn tí òyìnbó kà sí àgbà jùlọ nínú orin tiwọn. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ wá kàn tán ní New York, ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, ó lọ di olùkọ́ ní Yunifásítì Wisconsin ní ìlú Madison. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni ó fi kọ́ni níbẹ̀. Ní 1993 ó dá àjọ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé tí ń kọ́ béèsì. Ó fẹ̀yìn tì ní 2016, ó sì kú ní 2023 ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá bi í léèrè ẹni tí ó sọ ọ́ di ènìyàn, orúkọ Kápítéènì kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

ÀWỌN TÍ KÒ JẸUN NÍTORÍ ORÚKỌ RẸ̀

Dyett fẹ̀yìn tì ní 1962. Ó kú ní Chicago ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 1969, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ní àwọn ọdún 1970, ìlú náà fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ọgbà Washington Park, kò jìnnà sí DuSable.

Nígbà tí ó di 2012, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú náà pinnu pé àwọn yóò ti ilé-ẹ̀kọ́ Dyett díẹ̀díẹ̀. Wọn kò gba ọmọ tuntun mọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ń kú tẹ̀lé èkejì, títí tí ó fi ku ọmọ mẹ́tàlá péré tí ó jáde ní oṣù kẹfà 2015, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn òbí àdúgbò náà ti kọ ìwé, wọ́n ti lọ sí ìpàdé, wọ́n ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún náà, àwọn méjìlá nínú wọn, àwọn ìyá, àwọn ìyá àgbà, àwọn olùkọ́, àti olùṣọ́-àgùntàn kan, kéde pé àwọn kò ní jẹun mọ́ títí wọn yóò fi dá àwọn lóhùn. Wọ́n gbé àga síta níwájú ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n jókòó nínú oòrùn, ohun mímu nìkan ni ó ń kọjá lọ́fun wọn. Àwọn kan dákú, wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì padà wá jókòó.

Àwa tí a mọ ààwẹ̀ mọ ohun tí ọjọ́ mẹ́ta jẹ́, a sì mọ ohun tí ọjọ́ méje jẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni àwọn wọ̀nyí ṣe. Láàárín rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ kéde pé ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò ṣí padà, yóò sì dá lórí iṣẹ́ ọnà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n béèrè ni wọ́n rí gbà, nítorí wọ́n ti ní ètò ẹ̀kọ́ mìíràn lọ́kàn fún un, ìdí nìyí tí wọn kò fi tètè jẹun lẹ́yìn ìkéde náà. Ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n jáwọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án 2016, ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí padà, àwọn ọmọ tuntun sì wọlé. Walter H. Dyett High School for the Arts ni orúkọ tí ó wà lára rẹ̀, orin sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.